Ariwo Tó Wà Lábẹ́ Orin: Bí A Ṣe Ń Gbọ́ Àwo ní Bárékè Ọ̀jọ́

 

Nígbà tí àwọn tó ń ṣe ìwé ìròyìn yìí ránṣẹ́ sí mi pé kí n kọ ìtàn kan nípa ìgbà tí a wà nílé ìwé, mo ti mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò kọ ti bọ́ọ̀lù, ẹlòmíràn yóò kọ ti ẹgba ọjọ́ Mọ́ńdè, ẹnìkan á sì tún kọ ti ẹ̀wà. Èmi fẹ́ kọ nípa ohun tí ọ̀pọ̀ yín kò mọ̀ rárá, tàbí tí ẹ mọ̀ tí ẹ sì fi ń ṣe wá ní yẹ̀yẹ́: àwa mẹ́fà tí a máa ń lọ jókòó sí pálọ̀ sójà kan lọ́sàn-án Sátidé, tí a ń gbọ́ orin òyìnbó tí kò ní ìlù, tí a sì ń jà lé e lórí. Ẹ̀yin lẹ pè wá ní "Àwọn Ará Ọ̀run". Mo ti dárí jì yín.

Àmọ́ ìtàn ni wọ́n ní kí n kọ, kì í ṣe ìrántí ìgbà èwe nìkan. Nǹkan kan wà nínú ohun tí a gbọ́ ní pálọ̀ yẹn tó rú wa lójú, mi ò sì mọ ìdí rẹ̀ títí ọdún fi gorí ọdún. Nígbà tí mo wá mọ̀ ọ́n, ọmọ Yorùbá kan ni mo bá níbẹ̀.

Ẹ bá mi rántí Ọ̀jọ́ ìgbà náà, láàrin 1982 sí 1986. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì ti wà, mólúè sì ń ná an látàárọ̀ dalẹ́. Alábà ti kó wá sí Ọ̀jọ́ láti ìparí àwọn ọdún 1970, ibẹ̀ ni gbogbo Èkó ti ń ra rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti kásẹ́ẹ̀tì òfìfo. Ní 1983 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá yunifásítì LASU sílẹ̀ lẹ́bàá wa, tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n gbé ìwé há abíyá, tí wọ́n ń wá yàrá rẹ́ǹtì ní Ìbà àti Òkókómáíkò. Ní ti àwa ọmọ inú bárékè, fèrè sójà ló ń jí wa, òun náà ló ń lé wa wọlé. Fèrè yẹn ni orin òyìnbó àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ sórí, kí a tó mọ̀ pé orin ni.

Sójà tí mo ń wí yìí, ẹ jẹ́ kí n má dárúkọ rẹ̀. Bàbá Lẹ́bánónì ni gbogbo blọ́ọ̀kù ń pè é. Láti 1978 títí di 1983 ni Nàìjíríà fi ń kó sójà lọ sí Lẹ́bánónì pẹ̀lú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láti ṣọ́ àlàáfíà níbẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì gbé ẹ̀rọ olórin bọ̀. Tirẹ̀ ní ẹ̀rọ àwo lókè, ojú kásẹ́ẹ̀tì méjì nísàlẹ̀, sípíkà méjì tó ga tó ọmọ ọdún márùn-ún. Àpàlà ló ń fi í gbọ́, ó sì ń bo sípíkà náà ní aṣọ bí ìyàwó tuntun.

Ọ̀gá tó ń kọ́ wa lórin ló lọ bẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá ní àwo bí ogójì nílé nínú páálí ọtí, kò sì ní ẹ̀rọ tí yóò fi gbọ́ wọn mọ́. Àwọn méjèèjì jọ ṣe àdéhùn: láti aago mẹ́rin ọjọ́ Sátidé, ọ̀gá yóò gbé àwo mẹ́ta wá, a ó gbọ́ wọn, a ó sì gbá pálọ̀ kí a tó lọ.

Òfin ọ̀gá kò pọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ bí abẹ́rẹ́ bá ti wà lórí àwo. Bí orin bá tán, kò ní bi ọ́ pé, "Ṣé ó dùn?" Ohun tí yóò bi ọ́ ni, "Kí lo gbọ́?" Lẹ́yìn ìyẹn, kò ní jẹ́ kí a gbọ́ orin kan lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo. Bí a bá gbọ́ ọ lọ́wọ́ ọkẹ́sítírà kan lónìí, a gbọ́dọ̀ tún un gbọ́ lọ́wọ́ òmíràn kí a tó dá ẹjọ́. "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá," á wí. Àwa á sì dáhùn pé, "Àgbà òṣìkà ni, sà!" Pálọ̀ á mì tìtì, Bàbá Lẹ́bánónì á sì yọjú láti yàrá bóyá ìjà ló dé.

Ọ̀gá kọ́ ló dá àṣà yìí sílẹ̀ o. Láti ìgbà tí àwo ti di ọjà ni àwọn tó fẹ́ràn orin ìjìnlẹ̀ Yúróòpù ti ń fi àwo wé àwo. Ní 1923 ni òǹkọ̀wé Compton Mackenzie dá ìwé ìròyìn Gramophone sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, kí wọ́n máa gbọ́ àwo tuntun kí wọ́n sì máa sọ èyí tó sàn. Ní 1957 BBC bẹ̀rẹ̀ ètò Record Review lórí rédíò. Nínú rẹ̀, onímọ̀ kan á mú orin kan ṣoṣo, á gbọ́ oríṣiríṣi àwo tí wọ́n ti fi ṣe, á sì sọ èyí tó yẹ kí ènìyàn fowó rà. Kì í ṣe aáyan lásán. Orin tí Beethoven kọ sílẹ̀, ìwé lásán ni títí ẹnìkan yóò fi lù ú, kò sì sí ẹni méjì tí í lù ú bákan náà. Ẹ fi wé oríkì. Oríkì kan náà lẹ́nu ìyá àgbà méjì, ọ̀rọ̀ ò yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan á pa ọ́ lẹ́kún, èkejì á kàn rán ọ létí pé o kò tíì fún un lówó.

Ẹ má sì rò pé àjèjì ni orin yìí ní Èkó. Ní 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń kọ orin Yorùbá sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone, orin tó lé ní ogójì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1935 ni ìjọba òyìnbó na wáyà rédíò wọ ilé àwọn ènìyàn l'Ékòó, àpótí tí a sọ ní asọ̀rọ̀mágbèsì, ohun tí BBC bá ń sọ àti orin tó bá ń kọ ló ń tú jáde. Ní Kàtídírà Krístì ní Màrínà, T.K.E. Phillips ni wọ́n fi ṣe olùdarí orin láti 1914 títí di 1962. Ọmọ Handel àti Bach ni nínú dùùrù. Síbẹ̀ òun náà ló jókòó tó ń ronú ìdí tí orin ìjọ tí a túmọ̀ sí Yorùbá fi ń yí ọ̀rọ̀ po, tí ohùn orin á lọ sókè níbi tí ohùn ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde ní 1953. Ẹ fi orúkọ Phillips sọ́kàn.

Àwo àkọ́kọ́ tí a jà lé lórí ni Messiah ti Handel. Ta ni kò mọ̀ ọ́n nínú wa? Dublin ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn ní oṣù Kẹrin ọdún 1742, ó sì ti di ti Èkó pátápátá; kò sí ìgbà Kérésì tí ṣọ́ọ̀ṣì kan kì í gbé e jáde, bí ohùn òkè tilẹ̀ ń ké bí ẹyẹ. Ọ̀gá gbé ti Thomas Beecham wá, ti 1959. Eugene Goossens ni wọ́n bẹ̀ kí ó tún ìlò ohun èlò inú rẹ̀ kọ, ó sì kó fèrè ńlá, síńbálì àti háàpù sí i. A fò sókè! Bí ìyáwọ̀ ọba ló rí. Ní Sátidé kejì ọ̀gá gbé ti Colin Davis wá, ti 1966, akọrin kò pọ̀, gbogbo rẹ̀ yára, ó sì mọ́lẹ̀. Ìdajì nínú wa ní Beecham, ìdajì ní Davis. Mo wà nínú ti Beecham nígbà náà. Ojú ń tì mí díẹ̀ báyìí.

Ẹ̀kẹta ni kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀gbọ́n ọ̀gá fi ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó: Christopher Hogwood, 1980. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀kan nínú wa ti ṣàpẹẹrẹ pé ẹ̀rọ ń falẹ̀, nítorí pé ohùn orin náà lọ sísàlẹ̀ ju èyí tí etí wa mọ̀ lọ. Ọ̀gá kò sọ nǹkan kan títí orin fi tán. "Bí ẹ̀rọ bá ń falẹ̀, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ìrìn orin náà?" A ní yóò falẹ̀ pẹ̀lú. "Ṣé ó falẹ̀?" Ó ti o. Ó yára ju ti Beecham lọ dáadáa. Ohùn lọ sílẹ̀, ìrìn yára: kì í ṣe ẹ̀rọ nìyẹn. Ìgbà náà ló ṣàlàyé pé àwọn tó lu orin yìí lo ohun èlò irú ti ayé Handel, wọ́n sì so okùn rẹ̀ sílẹ̀ ju ti òde òní lọ, bí ẹni pé dùùrù wa lọ sílẹ̀ ní ìdajì ìgbésẹ̀. Mo ti gbàgbé ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ físíìsì, mi ò gbàgbé ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n dé ibi tí mo ń lọ. Ní 1984 ọ̀gá gbé kọnsẹ́tò sẹ́lò ti Edward Elgar wá. Sẹ́lò ni gòjé ńlá tí wọ́n ń jókòó fi sáàárín orúnkún. Elgar kọ ọ́ ní 1919, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, orin ẹni tó wo ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò rí ayé tó mọ̀ mọ́. Àwo méjì ni a ní. Ọ̀kan, Jacqueline du Pré ló ta á, Barbirolli sì ni olùdarí, pẹ̀lú London Symphony Orchestra, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1965, fún ilé-iṣẹ́ HMV. Ọmọ ogún ọdún ni obìnrin náà. Barbirolli fúnra rẹ̀ sì ti ta sẹ́lò nínú ọkẹ́sítírà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé orin náà jáde ní 1919. Èkejì, Pablo Casals ọmọ Kàtàlóníà ló ta á ní 1945, Adrian Boult sì darí rẹ̀. Ti Casals ń dún bí ẹni ń dín àkàrà, nítorí àwo àtijọ́ tó ń yí lẹ́ẹ̀mejìdínlọ́gọ́rin ní ìṣẹ́jú kan ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é kí wọ́n tó tún un tẹ̀ sórí àwo gígùn.

A jà lórí wọn. Du Pré ń sunkún, Casals ń bínú: bí mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé mi nìyẹn, ọ̀gá sì fún mi ní máàkì méje nínú mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ohun tó gba gbogbo Sátidé náà lọ́wọ́ wa kì í ṣe sẹ́lò. Níbi tí du Pré ti rọra ta á, tí ọkẹ́sítírà dákẹ́, a gbọ́ nǹkan kan nísàlẹ̀ pátápátá. Gùùùù. Ó wá, ó dúró díẹ̀, ó lọ. Kì í ṣe ohùn orin.

Ẹnìkan ní jẹnẹrétọ̀ ni. A jáde lọ wò ó, iná wà, kò sí jẹnẹrétọ̀ kankan tó ń ṣiṣẹ́. Ẹlòmíràn ní mọ́tò ẹ̀rọ àwo ló ń kùn. Ọ̀gá ní ó dáa, ẹ gbé Casals sí i. A gbé e sí i. Àkàrà ń dín, ṣùgbọ́n gùùù yẹn kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rọ kan náà, abẹ́rẹ́ kan náà. Nítorí náà, kì í ṣe mọ́tò. Inú àwo du Pré ló wà.

A kì bá ti fi í sílẹ̀ síbẹ̀, àfi pé ní oṣù méjì lẹ́yìn náà ọ̀gá gbé War Requiem ti Benjamin Britten wá, àwo méjì nínú àpótí dúdú. Coventry ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 1962, nígbà tí wọ́n ṣí kàtídírà tuntun níbẹ̀ lẹ́yìn tí bọ́ǹbù Jámánì ti fọ́ ti àtijọ́. Ní January 1963 ni ilé-iṣẹ́ Decca gbà á sílẹ̀, Britten fúnra rẹ̀ ló darí. Obìnrin Rọ́ṣíà kan, Vishnevskaya, ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Pears, àti ọkùnrin Jámánì kan, Fischer-Dieskau, ni wọ́n jọ kọ ọ́, kí àwọn ọmọ ilẹ̀ tó jagun lè jọ kọrin. Ọ̀rọ̀ òkú ní èdè Látìn ló wà níbẹ̀, ewì Wilfred Owen sì wà láàrin rẹ̀. Sójà ni Owen, ìbọn pa á ní ọ̀sẹ̀ kan géérégé kí ogun ọdún 1918 tó parí.

Ọ̀gá ṣàlàyé ewì ìparí fún wa kí ó tó fi abẹ́rẹ́ lé e: sójà kan pàdé sójà mìíràn lábẹ́ ilẹ̀, ó wá yé e pé ọ̀tá tí òun pa lánàá ni. Bàbá Lẹ́bánónì wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ẹ rántí pé kí ó tó lọ sí Lẹ́bánónì, ó ti ja ogun tiwa, ti 1967 sí 1970. Ó dúró gbọ́ ọ títí. Lẹ́yìn náà ó jáde, ó lọ dúró sídìí ẹ̀rọ omi, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Kò bínú, kò sì bá wa sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ láéláé. Ọ̀sẹ̀ kejì ló bi ọ̀gá léèrè, jẹ́jẹ́: "Tíṣà, ẹ ò gbé ti àwọn òkú yẹn wá?"

Gùùù wà nínú tìyẹn náà. Ohun tó rú wa lójú nìyẹn. Decca lèyí, HMV lèkejì, ilé-iṣẹ́ méjì tí wọ́n ń bára wọn dupò, àti ọdún méjì ààbọ̀ láàrin wọn. Ọmọbìnrin kan nínú wa (ó wà láàrin yín, òun náà mọ ara rẹ̀) ló na ọwọ́ sókè. "Sà, bóyá inú ilé kan náà ni wọ́n ti ṣe é." A fi í rẹ́rìn-ín. Ta ni í gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé tí ọ̀tá ìṣòwò rẹ̀ ń lò? Ó yíjú sí wa: "Ṣé búrẹ́dì oníbúrẹ́dì méjì ò lè jáde láti inú ààrò kan ni?" Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ilé búrẹ́dì ẹ̀yìn géètì mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ọ̀gá kò dá ẹjọ́. Ó ní ẹ̀rí kò tíì tó.

Ní 1996 mo wà ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn àwọn olólùfẹ́ àwo lórí ìjókòó bọ́ọ̀sì, nígbà tí mo rí i. Gbọ̀ngàn kan wà ní Kingsway, lẹ́bàá Holborn, tí Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kọ́ ní 1912 fún iṣẹ́ ìránṣẹ́ wọn. Ẹ má fi wé Kingsway ti Màrínà tí ìyá wa ń mú wa lọ rí Bàbá Kérésì. Ohùn inú gbọ̀ngàn yìí dára tó bẹ́ẹ̀ tí Decca àti EMI, tó ni HMV, fi jọ ń háyà rẹ̀, láti àwọn ọdún 1920 títí di 1984. Ìyọnu kan ṣoṣo ló ní: ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ti Piccadilly, ń kọjá nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí orin bá ti rọlẹ̀, ẹ̀rọ á gbọ́ ọ. Àwọn tó ń gba orin sílẹ̀ níbẹ̀ ti fara mọ́ ọn. Inú rẹ̀ ni du Pré ti ta Elgar. Inú rẹ̀ ni Britten ti darí War Requiem. Mo bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní ibi tí kì í ṣe ibi tí mo ń lọ.

Ó pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn kí n tó rí èkejì, òun ló sì mú mi kọ nǹkan tí ẹ ń kà yìí. Mo ń ka ìtàn ìgbésí ayé Fẹlá Ṣówándé. Kì í ṣe Fẹlá Aníkúlápó. Èyí ni Fẹlá tó ṣáájú. Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti bí i ní 1905, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ àlùfáà àti olùkọ́. T.K.E. Phillips ló kọ́ ọ ní dùùrù l'Ékòó, nínú ẹgbẹ́ akọrin kàtídírà. Ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láàrin àwọn ọdún 1930, ó ń lu jáàsì lálẹ́, ó lu ọ́gààni fún Adelaide Hall nínú àwo Decca, ó sì gba oyè FRCO, oyè gíga jù lọ tí aludùùrù lè gbà níbẹ̀, ní 1943. Láti 1945 títí di 1952 ló jẹ́ aludùùrù àti olùdarí akọrin ní West London Mission ti Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì.

Níbo? Gbọ̀ngàn Kingsway.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Ilé tí a ń gbọ́ ariwo abẹ́ rẹ̀ ní pálọ̀ Bàbá Lẹ́bánónì, tí a fi òwúrọ̀ àti ọ̀sán wá ìdí rẹ̀, ọmọ Ọ̀yọ́ ló jókòó nídìí dùùrù rẹ̀ fún ọdún méje. Ọkọ̀ ojú irin kan náà ti kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ òun náà lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Àwa kò sì ní àwo rẹ̀ kan ṣoṣo nínú páálí ọ̀gá. Beecham, Davis, Hogwood, Casals, gbogbo wọn wà níbẹ̀, a lè fi wọ́n wéra títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣówándé kò sí. Kì í ṣe ẹ̀bi ọ̀gá. Ó wá a.

Ṣé kò sí àwo rẹ̀ láyé ni? Ó wà. Ní 1944 ló kọ African Suite fún ohun èlò olókùn, apá márùn-ún: Joyful Day, tó fi ohùn orin Ephraim Amu ọmọ Gánà ṣe, Nostalgia, Onipe, Lullaby àti Akinla. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni Trevor Harvey àti New Symphony Orchestra gbà á sílẹ̀ fún Decca. Akinla yẹn, tó ní ìrìn háíláìfù nínú, ni Clyde Gilmour, oníròyìn kan ní Kánádà, mú ṣe orin ìṣíde ètò rẹ̀ lórí rédíò CBC. Ẹ wá gbọ́ irú ètò tó jẹ́: Gilmour's Albums lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin náà ń gbé àwo ti ara rẹ̀ wá láti ilé, ó ń fi í dá àwọn olùgbọ́ lára yá. Bí Sátidé tiwa gan-an. Ó ṣe é láti 1956 títí di 1997. Fún ogójì ọdún ó lé ọ̀kan, àwọn ará Kánádà ń gbọ́ orin ọmọ Ọ̀yọ́, wọ́n mọ̀ pé àkókò àwo ti tó. Àwa ní Ọ̀jọ́, lẹ́bàá Alábà tí ohun gbogbo ti ń tà, kò gbọ́ ọ rí.

Ṣówándé padà wálé ní àwọn ọdún 1950, ó sì darí ẹ̀ka orin nílé-iṣẹ́ rédíò Nàìjíríà; ó kọ Folk Symphony fún òmìnira 1960, ó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì lọ kọ́ni ní Howard, ní Pittsburgh àti ní Kent State ní Amẹ́ríkà. Oṣù Kẹta ọdún 1987 ló kú ní Ravenna, ìpínlẹ̀ Ohio. Jacqueline du Pré kú ní oṣù Kẹwàá ọdún náà. Ọdún kan lẹ́yìn tí a jáde nílé ìwé ni.

Báyìí o, nǹkan ti yí padà díẹ̀. CBC Vancouver Orchestra ti gba African Suite sílẹ̀ lábẹ́ Mario Bernardi. Ní 2000, Paul Freeman àti Chicago Sinfonietta mú apá mẹ́ta nínú rẹ̀ sórí àwo Cedille. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, Chineke!, ọkẹ́sítírà tí Chi-chi Nwanoku dá sílẹ̀ ní 2015, lù ú ní Proms níwájú gbogbo Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ ò rí i pé a ti lè dá ẹjọ́ lórí Akinla? Mo ti gbọ́ wọn tẹ̀léra bí ọ̀gá ṣe kọ́ wa. Ní etí tèmi, ti Harvey wọ kóòtù, ó ń jó nínú kóòtù náà. Ti Freeman ti bọ́ bàtà. Ẹni tó bá rò pé mo ṣìnà, kí ó pàdé mi níbi àpèjọ pẹ̀lú ẹ̀rí.

Àwọn yòókù kò rí bẹ́ẹ̀. Ayọ̀ Bánkólé, tí Phillips náà fọwọ́ bà lórí, tó kàwé ní Guildhall àti ní Cambridge, tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Èkó nígbà tí wọ́n pa òun àti ìyàwó rẹ̀ ní 1976, ẹ máa wá orin rẹ̀ kí ẹ tó rí i. Rebeca Omordia, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ti lu díẹ̀ nínú rẹ̀ sórí àwo Ekele ní 2018. Ní 2022 ó lu Three Yoruba Songs Without Words ti Akin Euba, ẹni tó fi wá sílẹ̀ ní 2020. MUSON ní Oníkàn náà ń ṣe tirẹ̀: 1983 ni Akintola Williams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ orin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1989, gbọ̀ngàn wọn sì ṣí ní 1995. Àmọ́ ọ̀pọ̀ orin àwọn ènìyàn wa ló jẹ́ pé àwo kan ṣoṣo ló ní, òmíràn kò sì ní rárá. Bó o bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan tí kò wù ọ́, o kò lè mọ̀ bóyá orin ni kò dára tàbí ẹni tó lù ú ni kò mọ̀ ọ́n lù. Wọ́n ti dá ẹjọ́ wọn lórí ẹnu ẹnìkan.

Èyí ló wá gbé mi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ń kà á. Ẹ rántí àsè ìparí ọdún, oṣù Kejìlá ọdún 1985, nígbà tí ẹgbẹ́ akọrin ilé ìwé kọ orin T.K.E. Phillips kan ní Yorùbá, tí Bàbá Lẹ́bánónì fi gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá sí gbọ̀ngàn, tó sì ń pariwo mọ́ gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n má fẹsẹ̀ kan wáyà. Kásẹ́ẹ̀tì méjì ló jáde níbẹ̀. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ ọ̀gá títí omi fi wọ ilé rẹ̀. Èkejì, ẹnìkan nínú kíláàsì wa ló yá a láti lọ ṣe ẹ̀dà, ó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní. Mi ò bínú. Orí TDK ọgọ́ta ìṣẹ́jú ni, ọ̀gá fi báírò pupa kọ "Dec. 85" sí ojú rẹ̀. Àkàrà lè ti wà nínú rẹ̀, gùùù mólúè ojú títì lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ má fi sínú ẹ̀rọ àtijọ́ tó ti ń jẹ téèpù o, bí téèpù bá ti já, ó ti lọ nìyẹn.

Ẹ wo páálí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá yín. Ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì tèmi ti gba bẹ́líìtì tuntun, mo ti nu orí rẹ̀, mo sì ń gbé e bọ̀ lọ́jọ́ ìpàdé. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni mo máa tàn án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí yóò fi tán.